Kóńgò Ara Ògiri

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrà, ní Fìdítì, ní Akínmọ̀ọ́rìn, ní Jọ́bẹ́lẹ̀, títí dé Aáwẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé orí bátìrì làwọn kan ti ń gbọ́ mi lálẹ́ yìí, orí fóònù ni tàwọn mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí NẸ́PÀ ti mú iná dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí iná wà lọ́dọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi lọ wo mítà yín. Ẹ má tẹ nǹkan kan lára ẹ̀ o. Iná pupa kékeré kan wà lójú ẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Ẹ ṣáà máa wò ó. A ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ojú pupa yẹn.

Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ mítà, ọjà ni ọkàn mi máa ń lọ. Kò sẹ́ni tó ra gààrí rí tí kò mọ kóńgò. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ìyá onígààrí wọn ẹyọ kan fún òun kó tó ní kó dojú kóńgò ẹ̀ délẹ̀. Ìdí ẹ̀ ló fẹ́ rí. Ẹ kúkú mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi òkúta lu ìdí kóńgò wọnú. Òkè á kún bámúbámú, ìsàlẹ̀ á sì ti jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀. Àwọn ìyá onígààrí mìíràn á bínú, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé olè lẹ pè mí ni?" Ìyá mi á ní rárá o, òun kò pe ẹnì kankan lólè, ìdí kóńgò lòun fẹ́ rí.

Iná ńkọ́? Iná kò ṣe é fọwọ́ bù, kò ṣe é gbé sórí òṣùwọ̀n. Èèyàn kì í rí i, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ là ń rí: bọ́ọ̀bù tàn, fáànù yí, omi hó. Ẹni tó tà á fún ọ nìkan ló lè sọ pé báyìí ni mo wọ̀n fún ọ, àfi tí kóńgò kan bá wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Kóńgò ọ̀hún ni mítà. Ẹni tí kò ní mítà dà bí ẹni tí ìyá onígààrí ránṣẹ́ sí níparí oṣù pé, "Kóńgò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ jẹ lóṣù yìí o, ẹ fowó ránṣẹ́." O ò dé ìdí igbá ẹ̀, o ò rí i nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, ó sì lè jẹ́ pé oko lo wà látìgbà tí oṣù ti lé. Òun là ń pè ní kíréésì bíìlì.

Mo gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ nílùú kan tí n kò ní dárúkọ. Yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, mítà kan ṣoṣo. Mítà ayé àtijọ́ ni, èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ kan nínú tó máa ń yí, tí ọkùnrin kan á wá fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wò lóṣooṣù. Nígbà tó yá, àwo náà dúró gbagidi, kò yí mọ́. Bíìlì ò dúró ní tiẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, iwájú yàrá Baba onílé á di kóòtù. Póíǹtì la fi ń pín in: bọ́ọ̀bù kan, póíǹtì kan, tẹlifíṣàn, póíǹtì méjì, firíìjì, póíǹtì mẹ́rin. Télọ̀ tó wà ní yàrá kejì ní ẹsẹ̀ lòun fi ń wa máṣíìnì òun, èédú lòun fi ń lọṣọ, nítorí náà bọ́ọ̀bù kan péré lòun ní. Ìyàwó tíṣà ní ẹni tó ń fi èédú lọṣọ kì í wá yá áyọ́ọ̀nù ẹlòmíì láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọ̀kan nínú wa lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀bù ẹ̀ tàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ìkánjú ló fi jáde. A jà, a parí ẹ̀, a dáwó, oṣù mìíràn tún wọlé. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé gbogbo wa la parọ́ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ òótọ́ tó ń parọ́ mọ́.

Orúkọ àwọn tó ń ta iná ti yí padà tó ìgbà mélòó kan. ECN làwọn bàbá wa mọ̀. Ní 1972 ó di NEPA, ní 2005 ó di PHCN. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, IBEDC tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó sì ni Ìlọrà àti gbogbo Afijió bọ́ sí lọ́wọ́. Lẹ́nu ará ilé, NẸ́PÀ náà ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọdé tó ń pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" níta lónìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n tíì bí nígbà tí wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́.

Nígbà tó fi máa di 2024, kò tíì tó ìdajì àwọn oníbàárà iná ní Nàìjíríà tó ní mítà. NERC, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn oníná, ló ka iye yẹn. Àjọ náà ti pàṣẹ látinú oṣù Kejì ọdún 2020 pé iye kan wà tí bíìlì ilé tí kò ní mítà kò gbọdọ̀ kọjá lóṣù. Àṣẹ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìméfò tí wọ́n pààlà fún, ìméfò náà ṣì ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ojú pupa wa. Ẹ wo ojú mítà dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan sí tó parí sí imp/kWh. Lára ọ̀pọ̀ mítà, 1000 ni. Lára àwọn mìíràn, 1600 ni. Bó bá jẹ́ 1000, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí ojú pupa yẹn bá ti ṣẹ́ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, yúníìtì kan ti lọ nínú owó yín. Yúníìtì kan náà sì ni ohun tó ń jẹ 1000 wáàtì máa jẹ ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká wá fojú sí i. Bọ́ọ̀bù àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú yẹn, oníwáàtì 60, òun nìkan á mú kí mítà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni: àwọn bàbá wa ti ń pe àkókò yẹn ní ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó gbé mítà dé. Bọ́ọ̀bù LED oníwáàtì 10 tó mọ́lẹ̀ bákan náà, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mítà máa fi lajú sílẹ̀ kó tó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1000, nígbà tó bá ń gbóná lọ́wọ́, kì í jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kẹ́tùlù oníná tó jẹ́ 2000 wáàtì, ẹ ò tíì ní mí èémí tán tó fi máa tún ṣẹ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé mítà yín sórí òpó, mo mọ̀ pé ojú pupa yín wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹyẹ nìkan ti ń rí i. Wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fi wáyà fo mítà ni wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé kóńgò sórí àjà tún yẹ kó fún oníbàárà ní àkàbà. Pátákó kékeré oníbọ́tìnnì tí wọ́n fún yín sínú ilé ní nọ́ńbà kúkúrú kan tẹ́ ẹ lè tẹ̀ láti rí iye iná tó ń lọ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo mítà. Ẹ bi ẹni tó bá wá so ó, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kó tó gun àkàbà ẹ̀ lọ.

Ojú pupa yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún kan wà tí yúníìtì ilé mi ń yára tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ tó fẹ́ràn aṣọ lílọ̀. Mo ti fojú sí i lára pé òun ló ń lọṣọ lóru. Mo bá a wí, ó ní òun kọ́. Mo tún bá a wí. Ní òru ọjọ́ kan tí n kò rí oorun sùn, mo dìde lọ bá mítà. Gbogbo ilé ṣókùnkùn, ọmọ ń hanrun, ojú pupa sì ń ṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Mo yọ firísà kúrò lára iná, ojú náà sì dẹ̀. Firísà yẹn ti gbó, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ya níbi kan, òtútù ń sá jáde, ẹ̀ńjìnnì ẹ̀ ò sì sinmi tọ̀sán-tòru. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ tiyín wò, ẹ fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn firíìjì, ẹ tì í, kẹ́ ẹ wá fa bébà náà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti lọ. Mo pààrọ̀ rọ́bà. Mo bẹ ọmọ, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n títí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, bó bá fẹ́ lọṣọ, á kọ́kọ́ pè mí kí n wá rí i.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú yẹn lè sọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ yọ gbogbo wáyà lára ògiri. Bó bá ṣì ń ṣẹ́, á jẹ́ pé wáyà kan ń jò nínú ògiri yín, tàbí kẹ̀ ẹnì kan ti ki ọwọ́ bọ àpò gààrí yín láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má lọ bá aládùúgbò jà o. Ẹ kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa nọ́ńbà 20 tẹ́ ẹ máa ń rà lọ́dọ̀ oní-POS. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, mítà á pe Ìbàdàn láti béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n sanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà oníkáàdì lásán kì í pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ki iye yúníìtì tẹ́ ẹ rà àti àkókò tẹ́ ẹ rà á sínú nọ́ńbà náà, wọ́n sì tì í pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ pé mítà tiyín nìkan ló ní ìkejì ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà aládùúgbò kì í fi wọlé sínú mítà yín, ìdí nìyẹn tó sì fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti gbé ìlànà yìí kalẹ̀ láyé 1990 sí 1999, STS ni wọ́n ń pè é, ó sì ti di tayé gbogbo.

Àkókò tí mo sọ pé wọ́n kì sínú ẹ̀ yẹn, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà á, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1993. Àwọn tó ṣe é fún un ní àyè láti ka 16,777,216 ìṣẹ́jú. Lójú wọn nígbà náà, ta ni yóò kà á tán? Ó tán. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ló tán, kì í ṣe ní Ìlọrà nìkan, jákèjádò ibi tí wọ́n ti ń lo irú mítà bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Mítà tí wọn kò bá yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ padà kó tó dọjọ́ náà, iná inú ẹ̀ kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní gba nọ́ńbà tuntun mọ́.

Ẹ rántí bí oṣù yẹn ṣe rí. Ẹni tó bá lọ ra iná, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta: méjì láti fi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀kẹta láti fi gba yúníìtì, 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta nọ́ńbà! Ilé ìyá mi ni mo wà lọ́jọ́ tá a tẹ tiwa. Èmi ń pè é, ọmọ àbúrò mi ń tẹ̀ ẹ́, ìyá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. A tẹ ìkejì ṣáájú àkọ́kọ́, kò gbà. A tún un tò, mo pe mẹ́fà, ọmọ tẹ mẹ́sàn-án. Ìgbà tí yúníìtì wá yọ lójú ẹ̀, ìyá mi ní ìgbà tí òun ń ṣe ìgbéyàwó, orúkọ tí wọ́n ní kóun kọ kò tó báyìí.

Ká wá sọ ti owó, torí ibẹ̀ ló ti ń dun èèyàn. Láti 2020 ni wọ́n ti pín wa sí ìsọ̀rí: Band A ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Orí fídà tó gbé iná wá ni wọ́n ti ń pín in. Òpópónà kan lè wà ní ìsọ̀rí kan kí ìkejì ẹ̀ wà ní òmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan fún Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225. Ó sọ̀kalẹ̀ sí 206 ààbọ̀ àti díẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ó tún gun 209 ààbọ̀ ní oṣù Keje. Ẹ fi sítóòfù oníná 1000 wáàtì se ẹ̀wà fún wákàtí mẹ́ta. Pẹ̀lú owó orí ọjà, iná tó se ẹ̀wà náà kò ju náírà 220 lọ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn. Nígbà tí oṣù Kẹrin wọlé, ìkòkò ẹ̀wà kan náà di 725. Mítà kọ́ ló gbówó lé e. Mítà ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣírò ẹ̀ lórí ìjókòó, kẹ́ ẹ sì rẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ní báyìí, mítà mìíràn ti ń wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní smart meter. Síìmù wà nínú tiẹ̀. Òun máa ń pe ọ́fíìsì fúnra ẹ̀: ó ń sọ iye tẹ́ ẹ lò, ó ń sọ bí ẹnì kan bá ṣí i nídìí, wọ́n sì lè pa iná yín láti orí àga níbi tí wọ́n wà. Kóńgò tó ń fóònù ẹni tó ni ín nìyẹn. Mi ò bẹ̀rù ẹ̀, torí ẹni tí kì í jalè kì í sá fún kóńgò. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Irú mítà yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ó ń ka iná ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, àwòrán ẹ̀ sì ń hàn lórí gíláàsì kékeré kan nínú ilé ìdáná. Nígbà kan, iléeṣẹ́ iná tún lè jókòó sí ọ́fíìsì kó yí mítà ẹni tó jẹ gbèsè sí àsansílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn. Ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà lásìkò òtútù, tó fi di pé ní oṣù Kejì ọdún 2023, Ofgem tó ń ṣọ́ àwọn oníná níbẹ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ fífi túláàsì so mítà àsansílẹ̀ fún àwọn èèyàn dúró.

Ohun tí èmi ń béèrè kò pọ̀. Mítà tó bá gbọ́n tó láti sọ iye tí mo lò fún wọn, ó gbọ́n tó láti sọ iye wákàtí tí wọ́n fún mi ní iná. Ó mọ ìṣẹ́jú tí iná lọ, ó mọ ìṣẹ́jú tó dé. NERC ti sọ ọ́ ní 2024 pé bí fídà Band A kan kò bá pé wákàtí ẹ̀ fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já a wá sílẹ̀. Ta ló ń ka ọjọ́ méje náà? Ẹni tó ń ta gààrí ni, ní ìdákọ́ńkọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn wà nínú mítà ilé mi. Ó yẹ kí n lè tẹ bọ́tìnnì kí n rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń retí mítà, ẹ fetí sí èyí. Mítà oní-fésì kan tí NERC fowó lé ní 58,661 náírà lọ́dún 2021 ti di 81,975 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ká tó ka owó orí ọjà mọ́ ọn. Ní 2024 wọ́n ní kí oníkálukú àwọn tó ń tà á máa dá iye tiẹ̀. Ẹni tó bá fowó ara ẹ̀ ra á, wọ́n gbọ́dọ̀ so ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fi yúníìtì dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Àwọn mítà kan tún ń bọ̀ látinú ẹ̀yáwó 500 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2021. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tó di mínísítà iná ní 2023, sọ ọ́ gbangba pé kò sí owó ìsorọ̀ lórí wọn.

Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí wọ́n wá so mítà nílé ìyá mi. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí ni ìyá mi ní, "Ọmọ mi, dojú ẹ̀ délẹ̀ kí n rí ìdí ẹ̀." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ó fi òǹtẹ̀ ara ẹ̀ han ìyá, ó ṣàlàyé pé àjọ kan wà, NEMSA, tó ń yẹ mítà wò kó tó jáde, pé ní Ọ̀ṣòdì ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́. Ìyá ní, "Ọ̀ṣòdì jìnnà. A ní kẹ́tùlù níbí."

Wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà so mítà náà mọ́ iná, bá a ṣe gbé kẹ́tùlù oníwáàtì 2000 kaná nìyẹn, tí omi kún un. Èmi mú fóònù láti wo ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí mítà bá pé, ó yẹ kó ṣẹ́jú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ìyá mi jókòó sórí àpótí pẹ̀lú àgbàdo nínú àwo. Bí ojú pupa bá ti ṣẹ́, á ju hóró kan sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì dúró, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn náà ń kà á. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, ó ka hóró tó wà nílẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Èyí ẹ̀gbọ́n ní iná ò lágbára tó lọ́sàn-án yẹn, ìyẹn ni ò jẹ́ kó pé. Ìyá mi ṣa àgbàdo ẹ̀ padà sínú àwo.

"Mẹ́rin tó dín yẹn, ẹ̀bùn tèmi ni," ó wí. "Ẹ so ó rọ̀."